Ta ló ní bátìrì mọ́tò oníná kékeré kì í lò ju ọdún mẹ́ta lọ?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnìkan tún sọ ọ́. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn èèyàn nílé wọn, dúró tì mí, ó ń sọ fún mi pé òun ti rí mọ́tò oníná kékeré kan, àlòkù, owó rẹ̀ ò ga, òun fẹ́ máa fi lọ síbi iṣẹ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ débì kankan tí bọ̀dá kan fi gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Sístà, ẹ má fowó yín tàfàlà o. Nǹkan ìṣeré ọmọdé nìyẹn. Kò ní í pé ọdún mẹ́ta tí bátìrì ẹ̀ á fi kú, iye tí wọ́n máa ta òmíràn fún yín á sì ju owó tí ẹ fi ra mọ́tò lọ." Àwọn tó dúró níbẹ̀ ń mi orí, wọ́n ń ní, "Òótọ́ ni, òótọ́ ni." Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó ti wa mọ́tò oníná rí.

Ó ti sú mi. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn la wá sọ di òfin, tí a sì fi ń dá ọwọ́ ọmọlọ́mọ dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nissan Leaf ni mò ń wà. Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 2015, èmi sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lọ́dún 2021. Bátìrì rẹ̀ kéré: 24 kWh (kWh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà). Dacia Spring tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2024, tí àwọn èèyàn ń pè ní mọ́tò kóńkó, 26.8 kWh ni tirẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, bátìrì tèmi ò ní omi tàbí fáànù kankan tí ń mú un tutù bíi ti àwọn mìíràn. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà nìkan ló gbójú lé. Tí bátìrì mọ́tò oníná kan bá wà tó yẹ kó tètè kú, tèmi yìí ni.

Ẹ wá wo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pátápátá, ilà kéékèèké 12 ló wà níbẹ̀, wọ́n tò lé ara wọn bí àkàbà. Àwọn ilà yẹn kì í lọ sókè sódò bí iná ṣe ń kún tàbí bó ṣe ń dínkù. Agbára bátìrì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí ọ̀kan bá ti kú, ó kú nìyẹn, kò ní tàn mọ́. Èyí àkọ́kọ́ dúró fún bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó tẹ̀ lé e bí ìdá 6 níkọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo rà á, 11 ló kù. Láàárọ̀ yìí, kí n tó jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo jáde lọ tún wọn kà: 10. Mọ́tò náà ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ó ti rin máìlì 71,000, ohun tó sì pàdánù jẹ́ bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ká tiẹ̀ pè é ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó ti lo ìlọ́po mẹ́ta ọdún tí bọ̀dá yẹn kà fún un, ó sì ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Kì í ṣe tèmi nìkan. Geotab, ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọpasẹ̀ mọ́tò àwọn oníléeṣẹ́ káàkiri, ti kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò oníná jọ. Lọ́dún 2019, wọ́n ní bátìrì ń pàdánù ìdá 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Nígbà tí wọ́n tún un wò lọ́dún 2024, ó ti wálẹ̀ sí 1.8. Ẹ ṣe ìṣírò rẹ̀ fúnra yín. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tún ka ìwé onídùúró, ìyẹn wáráńtì, tó ń bá mọ́tò wọ̀nyí wá. Ọdún mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ síbẹ̀ fún bátìrì: tí agbára rẹ̀ bá já wálẹ̀ kọjá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìgbà yẹn, àwọn á tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Oníṣòwò wo ló máa fi ọdún mẹ́jọ dúró fún nǹkan tó mọ̀ pé á kú lọ́dún kẹta?

Bí nǹkan bá sì bàjẹ́ nínú rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹ̀ ti lọ. Bátìrì tèmi kì í ṣe odidi kan ṣoṣo. Ègé pẹlẹbẹ 48 ni wọ́n tò jọ sínú àpótí irin kan lábẹ́ ibi tí mo jókòó sí. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ náà lè yọ ọ̀kan yẹn kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Mo mọ ibi tí àhesọ náà ti jáde. Lọ́dún 2012, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ra Leaf nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde rí i pé ilà wọn ń kú ní kíákíá. Ooru ibẹ̀ ń kọjá 40 nínú ìwọ̀n Celsius. Ilé-iṣẹ́ náà fi onídùúró kún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì tún èròjà inú bátìrì náà ṣe kí wọ́n tó ṣe tèmi. Ọ̀rọ̀ Arizona ọdún 2012 la ṣì ń gbé kiri ní Thamesmead, níbi tí òjò ti ń pa wá lóṣù Keje! Àwọn mìíràn sì ń ṣì í mú fún bátìrì kékeré 12 fóltì, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ní, ti epo pẹ̀lú. Ìyẹn la máa ń pààrọ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Mo ti pààrọ̀ ti tèmi lẹ́ẹ̀kan, owó rẹ̀ ò tó £100.

Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ dé ibí, wọ́n á sún sí ọ̀rọ̀ kejì: "Kò lè rìn jìnnà." Ibo lẹ ń lọ gan-an? Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15 ni mo máa ń jáde láàárọ̀. Màmá kan wà ní Abbey Wood tí mo máa ń kọ́kọ́ wẹ̀ fún, bàbá kan wà ní Plumstead tó ní láti lo oògùn kó tó jẹun, láti ibẹ̀ mo kọjá sí Welling, sí Erith, mo tún padà sí Belvedere. Ilé mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́sàn-án. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, máìlì 28. Pẹ̀lú bátìrì tó ti dàgbà tó báyẹn, mọ́tò mi ń rin 65 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, 50 nígbà òtútù. Mo délé lálẹ́, mo fa wáyà jáde, mo ṣí ìdérí tó wà ní imú mọ́tò, mo sì ki wáyà náà bọ inú rẹ̀. Iná búlúù kéékèèké mẹ́ta á máa ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ti sùn. Nígbà tí mo bá jí, ó ti kún.

Èmi nìkan kọ́. Jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bá pín in dọ́gba, mọ́tò kan ń rìn bíi máìlì 7,000 lọ́dún. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365, kò pé 20 lójúmọ́.

Àwọn ará Liuzhou, ní ẹkùn Guangxi ní Ṣáínà, ti mọ èyí tipẹ́. Lọ́dún 2017, nígbà tí ilé-iṣẹ́ SAIC-GM-Wuling tó wà nílùú wọn gbé mọ́tò ẹlẹ́ni méjì tí wọ́n ń pè ní Baojun E100 jáde, wọ́n ò jókòó máa jiyàn. Wọ́n gbé e fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n wà á wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú wá àyè ìgbọ́kọ̀sí sí àwọn kọ̀rọ̀ tí mọ́tò ńlá ò lè wọ̀, wọ́n sì fa iná sí ẹ̀gbẹ́ wọn, sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán bí èyí tí a fi ń lọ aṣọ nílé. Lóṣù Keje ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà gbé Hongguang Mini EV jáde. Kò gùn tó mítà mẹ́ta, èèyàn mẹ́rin ń wọ̀ ọ́, èyí tó rọjú jù nínú rẹ̀ nígbà náà jẹ́ yuan 28,800, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 9.3 kWh, ó ń rin kìlómítà 120. Bátìrì yẹn ò tó ìdajì tèmi! Ṣùgbọ́n lọ́dún 2021 nìkan, ó lé ní 390,000 èèyàn tó rà á. Ní Japan náà, Nissan Sakura tó jáde lọ́dún 2022, bátìrì 20 kWh, kìlómítà 180, ló di mọ́tò oníná tí wọ́n ń rà jù lọ lórílẹ̀-èdè wọn. Ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyẹn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni? Wọ́n ka máìlì tí àwọn ń rìn lójúmọ́, wọ́n sì ra èyí tó bá a mu.

"Bí ìnáwó bá wá ṣẹlẹ̀ ní Manchester ńkọ́?" Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń lọ sí Manchester. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo gbé mọ́tò yìí lọ síbi ìkómọjáde ní Milton Keynes lóṣù Kìíní ọdún 2022. Ẹ̀rọ méjèèjì tí mo bá níbi tí mo ti fẹ́ ṣáájì lójú ọ̀nà ò ṣiṣẹ́, mo sì jókòó sínú òtútù ju wákàtí méjì lọ kí n tó rí òmíràn lò. Inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin ni mò ń wọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, tàbí kí a dáwó jọ gba mọ́tò ńlá. Ọjọ́ méjì yẹn ò tó ohun tí màá torí rẹ̀ máa sanwó epo fún ọjọ́ tó kù nínú ọdún.

Torí owó lọ̀rọ̀ náà dé sí. Ọ̀rẹ́ mi kan gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bọ̀dá yìí lọ́dún 2022, ẹ̀rù bà á, ó sì lọ ra mọ́tò dísẹ̀lì ọdún 2011. Dartford ló ń gbé, ìhà Bexley ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ULEZ, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, tàn dé gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Irú dísẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń san £12.50 lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé: ọjọ́ márùn-ún, £62.50 lọ́sẹ̀, kó tó ra epo. Asẹ́ tó wà nínú páìpù èéfín rẹ̀ tún dí, nítorí pé asẹ́ yẹn ń fẹ́ ìrìn gígùn tó gbóná kó tó lè jó ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù, ilé sí ilé ni òun sì ń lọ. Wọ́n gba £740 lọ́wọ́ rẹ̀ ní gáréèjì. Ó fi fóònù pè mí, ó ń sunkún. Èmi, iná òru tí wọ́n ń tà fún onímọ́tò ni mò ń lò, pẹ́ńsì 7 fún kWh kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìrìn òòjọ́ mi ò tó pẹ́ńsì 60. Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò sí plọ́ọ̀gì, kò sí sàlẹ́ńsà. Táyà, wáípà àti bátìrì kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tí mo ti rà sí i nìyẹn láti ọdún 2021.

Ẹ tún má bá mi sọ pé ó ń gbiná. Nígbà tí iná jó ibi ìgbọ́kọ̀sí pápákọ̀ òfuurufú Luton lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, tí ó jó mọ́tò tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí WhatsApp gbogbo wa fi kún pé mọ́tò oníná ló fà á. Àwọn panápaná Bedfordshire sọ pé mọ́tò dísẹ̀lì ni. Ẹni tó fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi ò fi èkejì ránṣẹ́.

Ó dáa, ẹni tí ò bá ní ibi tó ti lè ṣáájì nílé, ti ara òpó iná àdúgbò ló máa lò, owó rẹ̀ sì ga ju ti òru mi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé bátìrì tí kò ní ohun tí ń mú un tutù lọ sínú ooru Èkó, kó rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Èkó ni àbúrò yìí ń gbé, ó sì ní iwájú ilé tó lè gbé mọ́tò sí.

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn. "Àǹtí, ṣé kí n kúkú fi í sílẹ̀ ni?" Mo ní kó má fi í sílẹ̀. Leaf ọdún 2016 ni, 30 kWh, ó wà ní Sidcup, Sátidé yìí la jọ ń lọ wò ó. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ́ kí pẹ́ńtì tó ń dán gba ojú ẹ̀. Kó kọ́kọ́ jókòó síwájú, kó tẹ bọ́tìnì, kó ka àwọn ilà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Tí wọ́n bá pé 10, kó sanwó. Tí wọ́n bá jẹ́ 8, kó sọ̀kalẹ̀, a ó wá òmíràn lọ.