Latin kọ́ ni ìwé ìwọlé sí Archaeology

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láti Yábàá dé Ìsàlẹ̀ Èkó: pé ẹni tí kò gbọ́ Latin àti èdè Gíríìkì kò lè ka Archaeology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́ tí wọ́n ń wú jáde nínú ilẹ̀, ní ipele máásítà, àti pé kò síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ la àwọn ọ̀dọ́ lọ́yẹ̀ ni. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n pò pọ̀. Classics ń ka ìwé àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́. Ibẹ̀ ni èdè méjèèjì ti ṣe pàtàkì. Archaeology ń walẹ̀ ní tirẹ̀: àpáàdì, egungun, eérú ààrò, ìpele erùpẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Gíríìsì tàbí Róòmù lẹ ti fẹ́ walẹ̀, èdè náà á kàn yín, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Igbo-Ukwu, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Anambra tí wọ́n ti wú àwọn ohun èlò idẹ àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀. Awalẹ̀pìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thurstan Shaw, walẹ̀ níbẹ̀ láti 1959 sí 1960. Èédú àti igi tí wọ́n yẹ carbon inú wọn wò láti mọ bí wọ́n ṣe pẹ́ tó ló jẹ́ kí wọ́n gbé àwọn idẹ náà sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Kí ni Latin fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka Archaeology àti Anthropology (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà wọn), ó sì ní ẹ̀ka Classics lọ́tọ̀. Ìbàdàn ọ̀hún náà kò kúkú jìnnà sí Ọjọ́ta. Ẹ lọ sójú ìkànnì wọn, kí ẹ ka ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe máásítà.