Àtúnṣe: omi tó mọ́ gaara lè pa ẹja
Ẹ kọ ọ́ pé bí àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja bá ti tó 300 lítà, kí olùbẹ̀rẹ̀ fi omi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ó sì kó gbogbo ẹja rẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kò tọ̀nà. Lóòótọ́, omi púpọ̀ kì í tètè bàjẹ́ bí omi díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin tí ara ẹja ń tú jáde àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di ammonia, májèlé tí ojú kò lè rí. Àwọn bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé, kí àwọn mìíràn tó sọ ọ́ di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ó sì sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn bakitéríà yìí tó pọ̀ tó nínú asẹ́ omi, bí a bá ń fi ammonia díẹ̀ bọ́ wọn. Ìgbà tí àyẹ̀wò bá fi 0 hàn fún ammonia àti nitrite ni kí ẹja wọlé, díẹ̀díẹ̀. Fífi omi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan lè lé chlorine, kẹ́míkà tí wọ́n ń fi pa kòkòrò àrùn nínú omi ẹ̀rọ, àmọ́ kò lè lé chloramine, irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ mìíràn. Tábìlì ìkàwé tí ẹ dábàá pé kí a gbé àpótí náà lé ńkọ́? Omi nìkan yóò wúwo tó 300 kìlógíráàmù, ká má tíì ka òkúta àti gíláàsì.