Honda 70 Tó Fẹ́ Di Àjànàkú

Àìsàn kan ti wọ ìlú Òṣogbo. Kì í ṣe ibà, kì í sì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Àwọn ọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ń mú jù lọ, àgàgà àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì tí wọn kò sì tíì sọ iye tó jẹ́ fún ìyàwó wọn. Bí ó bá ti mú ẹnìkan, yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá rẹ̀, yóò ká àwọn ògbólógbòó páànù tó wà níbẹ̀ kúrò, yóò lé adìẹ tó ń sàba lábẹ́ wọn dìde, yóò sì wọ́ Honda 70 tí bàbá náà fi owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, rà ní ọdún 1975 jáde sí gbangba. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní pè é ní alùpùpù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní pè é ní máṣíìnì bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pè é. Ó ti di "kílásíìkì" nìyẹn, ẹni tó bá sì pè é ní ọ̀kadà lójú olówó rẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀.

Bí ó bá ṣe pé ńṣe ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n fọ kabúrétọ̀ rẹ̀, tí wọ́n pààrọ̀ táyà rẹ̀, tí wọ́n sì ń gùn ún lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí. Ẹ̀rọ náà kò lábùkù. Ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ Honda kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní Jàpáànì, nígbà tó sì di ọdún 2017, iye tí wọ́n ti ṣe nínú ìran rẹ̀ ti pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Wọ́n ní nítorí àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri fún àwọn oníbàárà ni wọn kò ṣe fi kílọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ òsì rẹ̀, kí ọmọ náà lè fi ọwọ́ kan wà á, kí ó sì fi èkejì gbé abọ́. Nígbà tó dé Òṣogbo, a kò gbé abọ́ rárá. Ọwọ́ òsì yẹn ni àwọn tíṣà àti wolé-wolé fi ń di fìlà mú ní ọ̀nà Ìkìrun. Nítorí pé tánkì rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìjókòó, tí iwájú rẹ̀ ṣófo, àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ń fi ìró gùn ún láìsí pé wọ́n ká a sókè. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 72cc. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, kó bu omi ṣíbí ìjẹun ńlá márùn-ún sínú ife. Ibi tí omi náà bá dé ni gbogbo àyè tí písítìnì rẹ̀ ní láti fi máa lọ sókè sódò. Ṣíbí márùn-ún yìí ni àwọn bàbá wa fi tọ́ wa, tí wọ́n fi gbé wa lọ síléèwé, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì fi gbé ìyàwó kejì wọlé.

Àmọ́ ṣíbí márùn-ún kò tó àwọn ọmọ wọn.

Aládùúgbò mi kan wà ní Òkè-Fíà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni. Alàgbà ni n ó máa pè é, nítorí bí mo bá dárúkọ rẹ̀, kò ní dá mi lóhùn títí di ọdún Ọ̀ṣun tó ń bọ̀. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó lọ pátápátá sí ìdí igi máńgòrò tí mẹkáníìkì rẹ̀ ń lò ní Alékúwodò. Bẹ́ńṣì kan wà níbẹ̀ tó gba ènìyàn mẹ́fà, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ni oní-kílásíìkì. Wọ́n á dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n á ra ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, wọ́n á sì máa wo bí ọmọkùnrin tí kò tó àbíkẹ́yìn wọn ṣe ń tú nọ́ọ̀tì. (Èmi náà ti jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn rí. Ó tura.) Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: ṣé kí ènìyàn fi agbára kún kékeré tó ní ni, àbí kó kúkú lọ ra ńlá? Ìdáhùn wọn kì í yí padà. "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ," ni Alàgbà yóò wí, àwọn yòókù yóò sì mi orí bí ẹni pé kò pa òwe náà fún wọn lánàá. Ohun tí wọn kò kíyèsí ni pé abẹ́rẹ́ ọ̀hún gan-an ni wọ́n ti ń fi ọmọ owú lù láti ọjọ́ yìí wá, kí ó lè di ọ̀kọ̀.

Ibi sílíńdà ni ti Alàgbà ti bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ní inú rẹ̀ ti jẹ, pé ríbọ́ọ̀ ló kù, ìyẹn ni pé kí wọ́n fẹ ihò tí písítìnì ń gbà lọ sókè sódò. Alàgbà ní bí wọn yóò bá kúkú fọwọ́ kàn án, kí wọ́n jẹ́ kó tóbi. Mìlímítà 47 ni ìbú ojú ihò náà nígbà tó ti ilé-iṣẹ́ dé. Wọ́n wá sílíńdà tó jẹ́ mìlímítà 52, ẹ́ńjìnnì sì di 88cc. Mìlímítà márùn-ún tó fi lé yìí kò ju ìbú hóró ẹ̀wà kan lọ, ṣùgbọ́n ní ibi ìsọmọlórúkọ kan ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, nígbà tí a ṣì ń retí ìrẹsì, Alàgbà dìde dúró, ó ní kí gbogbo wa bá òun dúpẹ́, ó ti di 88. Ìyá arúgbó kan tó jókòó nítòsí kí i kú oríire, ó sì ní kò jọ ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún rárá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iná. Fólítì 6 ni iná àwọn ògbólógbòó Honda wọ̀nyí. Lálẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹni tó gbé àtùpà elépo dání tó sì ń bẹ̀rù kí afẹ́fẹ́ má pa á. Alàgbà ní ìtìjú ni kí ènìyàn máa gbé ní Òṣogbo, ìlú tí wọ́n ti ń ṣàkóso iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà, kó sì máa fi fólítì 6 ríran. Ó wù mí kí n sọ pé àwọn tó ń gbé ní ìtòsí ibùdó náà pàápàá ń ra àbẹ́là, àmọ́ mo dákẹ́. Wọ́n tú kọ́ìlì, wọ́n tún wáyà rẹ̀ fà, wọ́n pààrọ̀ gílóòbù àti hóònù àti bátìrì, ó di fólítì 12. Láti ìgbà náà ni Alàgbà ti ń tan iná lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tó yá, 88 kò tó mọ́. Ó lọ ra odindi ẹ́ńjìnnì 125cc tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, èyí tí wọ́n fi ti Honda ṣe àwòkọ débi pé ihò bóòtù rẹ̀ bá ti férémù náà mu láìsí pé wọ́n pe ajórin rárá. Báyìí ni ẹ́ńjìnnì tí bàbá rẹ̀ rà ṣe di aláìríṣẹ́ṣe. Alàgbà kò gbà kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fi ọ̀dà sílífà kùn ún, ó sì gbé e sínú pálọ̀, sórí aṣọ léèsì tí ìyàwó rẹ̀ fi ń bo tẹlifíṣọ̀n tẹ́lẹ̀. Àwọn àlejò a máa kí i kí wọ́n tó kí onílé.

Ìjánu ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò rántí ìjánu. Àwọn kékeré tí wọ́n fi sínú họ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí ṣíbí márùn-ún ìjelòó náà ló ṣì wà níwájú àti lẹ́yìn, férémù tó sì gbé gbogbo rẹ̀ kì í ṣe páìpù, páànù tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ìjánu gbọ́dọ̀ pa yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìjánu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí Honda ń sá 40, kí ni yóò ṣe nígbà tó bá ń sá 80? Iṣẹ́ ìṣirò ni Alàgbà fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ní kíláàsì, ó mọ èyí jù mí lọ. Síbẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún rẹ̀ ti jẹ tán, nítorí ibẹ̀ ni ìjánu kẹta wà. Bí ó bá sì tẹ ti iwájú lójijì, dípò kí imú Honda náà wọlẹ̀ bí ti àwọn alùpùpù yòókù, ńṣe ló máa ń gbórí sókè bí ẹṣin tó rí ejò, nítorí bí wọ́n ṣe so ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Ojú mi ni mẹkáníìkì ṣe bẹ̀ ẹ́ pé, "Dádì, ẹ jẹ́ ká ṣe bíréèkì yìí ná, ká sì ra ṣéènì. Ṣéènì yìí ti fà." Alàgbà ní kó ní sùúrù, pé dígí àti sàlẹ́ńsà oníníkẹ́lì ni owó tó wà nílẹ̀ wà fún. Dígí mẹ́rin ló so mọ́ ọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń fi ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn hàn. Ojú Alàgbà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn án, láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ má rò pé mò ń gbè sẹ́yìn àwọn tó lọ ra ńlá. Òwe tiwọn ni "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí," wọn kò sì jẹ́ kó sinmi lẹ́nu wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí títì tí fìrí lè gbà kọjá nílùú yìí. Ọ̀gá kan ní àdúgbò wa ra alùpùpù Hayabusa tòkunbọ̀, 1,340cc, tí ìwúwo rẹ̀ lé ní 250 kílò. Ọ̀gá náà kúrú. Bí ó bá dúró, orí ìka ẹsẹ̀ ló ń wà, bí ẹni tó ń yọ́ jáde nínú yàrá tí ọmọ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Láti Òkè-Fíà dé Ọjà-Ọba, kò tíì lo jíà tó kọjá ìkejì rí, nítorí kòròpe wà níwájú rẹ̀, Márúwá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá oníṣu sì ti pàtẹ sí ibi tó kù, bẹ́ẹ̀ ni ooru ẹ́ńjìnnì ń yan itan rẹ̀ bí ẹran súyà. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ló máa ń rí ọ̀nà sá. Àwọn tí kò tíì jí a sì máa fi èpè sìn ín. Láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé, ọ̀kadà ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀kadà yìí gan-an ni kò sí ẹni tó ń yìn. Bajaj Boxer ni, ẹrẹ̀ ló fi ṣe ọ̀dà, ìjókòó rẹ̀ ti ya, ó sì ń gbé ìyá, ọmọ méjì àti àpò gààrí gun òkè láìsí pé ẹnìkan dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Àṣà ká fi orúkọ ńlá pe ohun kékeré kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Alàgbà. Okada Air, ilé-iṣẹ́ bàálù tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ni a gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún alùpùpù akérò. Bàálù ti kógbá sílé tipẹ́, alùpùpù ṣì ń fò.

Mo bá Alàgbà ṣírò owó náà lọ́jọ́ kan. Sílíńdà, iná, ẹ́ńjìnnì Ṣáínà, níkẹ́lì, dígí mẹ́rin, pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀ oṣù mẹ́fà: ó ti ra Boxer tuntun, yóò sì ṣẹ́ owó akoto kù. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó ta ilé bàbá rẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ dé ibì kan?" ló bi mí. Ìgbà yẹn ló yé mi. Alùpùpù tó bá ti parí kò lè wúlò fún Alàgbà, nítorí ẹni tí tirẹ̀ kò bàjẹ́ kò ní àwáwí kankan tí yóò fi máa jókòó lórí bẹ́ńṣì. Bí ó bá ra ńlá tuntun, kò ní sí nǹkan tí wọn yóò tú. Bí ó bá sì fi kékeré sílẹ̀ bó ṣe wà, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ gbọọrọ bó ṣe ṣe fún bàbá rẹ̀, ilé ni òun yóò sì máa jókòó sí pẹ̀lú ìyàwó tí kò tíì mọ iye tí owó ìfẹ̀yìntì jẹ́.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn òun lọ sí Abéré, níbi tí ó ti fẹ́ lọ fojú han àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Lójú tèmi, bí a bá ti lè gun Honda yẹn débẹ̀, ẹ̀rí náà ti tó. Ó wọ agbádá, kò dé akoto, ọwọ́ òsì rẹ̀ di fìlà mú gẹ́gẹ́ bí ti bàbá rẹ̀. Ní Ọláìyá, a gun afárá ńlá tó wà níbẹ̀. Kí n má purọ́, ó gùn ún. Ẹ́ńjìnnì ké, sàlẹ́ńsà hó, a ya kòròpe méjì sílẹ̀, Alàgbà sì ń kígbe pé, "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i?" títí a fi ń sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, níbi tí mo ti rí i pé bàtà ọ̀tún rẹ̀ ti ń fa ilẹ̀.

Ó ku díẹ̀ ká dé Abéré ni ṣéènì já. Ó já lẹ́ẹ̀kan náà, ó wé mọ́ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, Honda náà sì dúró fún ìgbà àkọ́kọ́ láìlo bàtà.

A wà lójú oòrùn fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ọmọkùnrin kan tó gun Boxer tó yà sọ́dọ̀ wa. Ó wo Honda, ó wo dígí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ní òun lè gbé Dádì àti máṣíìnì wọn padà sí Alékúwodò, kí èmi wá kòròpe. A gbé Honda 70 náà dá bùú sórí ìjókòó Boxer, a fi rọ́bà dè é, Alàgbà há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra.

"Dádì," ni ọmọ náà wí, bó ṣe ń múra àtitẹ ẹ́ńjìnnì, "owó èrò kan ni ẹ ó san, pẹ̀lú owó ẹrù."

Alàgbà gbé orí sókè láàrin dígí.

"Èrò méjì ni," ó ní. "Kò sí ẹrù níbí."