Àtọ̀ akọ màlúù kò dìgbà tó bá pọ̀ kó tó sọ ẹyin di ọlẹ̀

Láàárín àwọn tó ń sin màlúù ní agbègbè Ìkòròdú, bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí pípò àtọ̀ pọ̀ mọ́ ẹyin nínú láàbù, ẹnì kan á ní: “Dókítà, àtọ̀ tí Ọlọ́run dá, ẹ tún ń fọ̀ ọ́? Ẹ ti fọ agbára rẹ̀ dànù nìyẹn. Ẹ sáà da gbogbo rẹ̀ lé ẹyin lórí, bó bá ṣe pọ̀ tó ni ọmọ á ṣe dájú tó.” Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba èyí gbọ́. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ń dùn mí, torí ìgbàgbọ́ yìí ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wa máa fi bí àtọ̀ ṣe pọ̀ tó yan akọ.

Nígbà tí akọ bá gun abo, bílíọ̀nù mélòó kan sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ló ń jáde. Ẹnu ilé ọmọ á dá púpọ̀ dúró, ilé ọmọ á tún ṣẹ́ wọn kù. Àwọn tó ń dé ọ̀nà tóóró tí ẹyin ń gbà wálẹ̀ kì í ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Ara abo fúnra rẹ̀ ló ń ṣà wọ́n. Nínú abọ́ láàbù, kò sí ohun tó máa ṣà wọ́n, àfi ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àtọ̀ tí wọ́n sábà ń lò ti dì nínú náítrójìn olómi, ní -196°C, pẹ̀lú glycerol àti pupa ẹyin adìyẹ tàbí mílíìkì tí wọ́n fi dáàbò bò ó. Bí wọ́n bá yọ́ ọ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti kú. Òkú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í kàn wà níbẹ̀ lásán: wọ́n ń tú èròjà tó ń ba awọ ara àwọn tó wà láàyè jẹ́. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ lé ẹyin lórí ti da òkú, glycerol àti ìdọ̀tí pọ̀ mọ́ ọn.

Ṣíṣà tí ọwọ́ ń ṣe yìí là ń pè ní fífọ àtọ̀, ọ̀nà méjì ló sì wọ́pọ̀ jù. Nínú èkíní, wọ́n á fi àtọ̀ sábẹ́ omi tó mọ́, wọ́n á fi í síbi tó gbóná bí ara màlúù fún nǹkan bíi wákàtí kan. Àwọn tó lágbára á lúwẹ̀ẹ́ gòkè, wọ́n á fà wọ́n. Nínú èkejì, wọ́n á gbé Percoll, omi kan tó ki, èyí tó jẹ́ 45%, lé èyí tó jẹ́ 90% lórí, wọ́n á da àtọ̀ sókè rẹ̀, ẹ̀rọ á sì yí i bírí. Òkú á há sáàárín, àwọn tó dáa á kọjá sísàlẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ló sábà ń mú sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ jáde nínú àtọ̀ tó ti dì, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tó fi gbilẹ̀.

Ìyókù wà lọ́wọ́ ohun tí ojú kò rí. Ní 1951, àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì méjì, Austin àti Chang, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbára dì nínú ara abo kó tó lè wọ ẹyin. Omi àtọ̀ fúnra rẹ̀ ń dá ìgbaradì yẹn dúró. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ kúrò, heparin, èròjà tí wọ́n ń fi sí i kí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ lè gbára dì, á lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. 

Wàyí o, mélòó ni wọ́n ń fi sí i? Sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ mílíọ̀nù kan sí méjì nínú mílílítà kan omi tí ẹyin wà. Bó bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ méjì tàbí mẹ́ta á wọ ẹyin kan ṣoṣo, ọlẹ̀ náà kò sì ní lè dàgbà bó ṣe yẹ. Púpọ̀ tí wọ́n ń wá ló ń pa á.

Àwọn kan tún ń sọ pé fífọ àtọ̀ ló ń yan abo. Rárá. Sẹ́ẹ̀lì tó ń mú abo wá kàn fi nǹkan bíi 4% DNA, èròjà àjogúnbá, ju ti akọ lọ, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló ń yà wọ́n.

Akọ tó ń fún abo lóyún dáadáa nínú ọgbà lè máà ṣe dáadáa nínú abọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta àtọ̀ fún yín fún iṣẹ́ láàbù, ẹ bi í ìdá mélòó nínú rẹ̀ ló ń rìn lẹ́yìn fífọ̀, kí ẹ sì bi í ìdá mélòó nínú ẹyin tó fi ṣe ló di ọlẹ̀ tó dàgbà dé ọjọ́ keje.