Ẹyin kò sọ ọmọ kankan di olè rí

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lóṣù tó kọjá, ìyá ọkọ mi wá kí wa ní Kàbbà láti Ìyàrà. Bí wọ́n ṣe wọlé, wọ́n bá ọmọ mi, ọmọ ọdún 4, tó ń bọ́ èèpo ẹyin bíbọ̀. Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo ẹyin, wọ́n wá wò mí. "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kọ́ ọmọ yìí lólè ni?"

Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Ọmọ tó bá tètè mọ adùn ẹyin, ìkòkò ọbẹ̀ kò ní sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dàgbà, àpò ẹni ẹlẹ́ni ló kàn. Mo mọ àwọn abiyamọ tó kàwé jáde ní yunifásítì tó jẹ́ pé ìdajì ẹyin ni wọ́n ń gé fọ́mọ títí di òní.

Àwọn àgbà kò gọ̀ o. Adìẹ ìbílẹ̀ lè má yé ju 10 sí 15 lọ kó tó sàba. Bí ọmọdé bá jẹ mẹ́rin níbẹ̀, adìẹ mẹ́rin ló jẹ yẹn, adìẹ tí à bá fi ṣe àlejò tàbí tí à bá tà nígbà tí owó iléèwé bá dé. Ta ló fẹ́ jókòó máa ṣe ìṣirò yìí fọ́mọdé? Wọ́n fi olè dẹ́rù bà á, ó sì jẹ́. Òfin ìtọ́jú adìẹ ni, a wá sọ ọ́ di òfin ìwà ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹyin adìẹ àgíríìkì, 30 nínú kíréètì kan, tí à ń rà lọ́jà lónìí, àkùkọ kò dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ rí. Kí adìẹ sàba lé e di Kérésìmesì, kò ní pa. Kí la wá ń fi pamọ́ dè?

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: mo jí ẹyin rí. Adìẹ kan ń yé sẹ́yìn àká ìyá àgbà wa, ẹnikẹ́ni kò sì fún mi lẹ́yin jẹ rí títí di ọjọ́ yẹn. Mo fọ́ ọ, mo mu ún ní tútù. Èébì ló tú mi láṣìírí. Àìrí-jẹ ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe àjẹjù.

Purotíìnì inú ẹyin kan tó nǹkan bíi gíráàmù 6. Fítámì A àti B12 wà níbẹ̀, kolíìnì tí ọpọlọ ọmọ ń lò náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ oṣù 6 sí 23 máa rí ẹran, ẹja tàbí ẹyin jẹ lójoojúmọ́. Ní Ecuador, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 fún àwọn ọmọ oṣù 6 sí 9 ní ẹyin kan lóòjọ́ fún oṣù 6, iye ọmọ tó kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ sì dín kù gan-an. Nígbà tí wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Màláwì, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń jẹ ẹja tẹ́lẹ̀. Nítorí náà mi ò ní pè é ní oògùn tó ń mú ọmọ ga. Ọmọ tó ń mu ògì lásán láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí àwọn ọmọ tó jẹ ẹyin, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣeré. Ẹ mú ọ̀kan tó ti jinná àti ọ̀kan tútù, ẹ má sọ èwo ni èwo, kí ọmọ ta wọ́n lórí tábìlì bí òkòtó. Èyí tó jinná á máa pòòyì geerege. Tútù á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, torí omi inú rẹ̀ kò tètè bá èèpo yí. Ẹ fi ìka dá tútù yẹn dúró díẹ̀, kí ẹ sì tètè yọwọ́: á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀! Ariwo tí wọ́n á pa, àwọn ará ilé kejì á gbọ́.

Ẹ kó ẹyin sínú abọ́ omi. Tuntun á dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tó ti pẹ́ á nàró, èyí tó pẹ́ jù á léfòó, torí omi inú rẹ̀ ń gba àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara èèpo jáde, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé. Ẹ wá máa bu iyọ̀ sómi ní ṣíbí kan lé kan títí tuntun náà á fi léfòó. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ láwọ̀, ẹ fi èèpo àlùbọ́sà bọ̀ ọ́. Á pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Kí ọmọ fọwọ́ lẹ́yìn tó bá mú ẹyin tútù, kí funfun àti pupa inú rẹ̀ sì le dáadáa kó tó jẹ ẹ́. Fún ọmọ ọwọ́, ẹ rún un mọ́ iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ bá wú tàbí tó bá ń bì lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má dán an wò mọ́. Odidi ẹ̀pà ni ká máa bẹ̀rù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, torí ó lè há a lọ́fun.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ mi jókòó tì wá. Wọ́n ta ẹyin tiwọn, ó pòòyì ju ti gbogbo wa lọ. Wọ́n bó o, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní kí n má sọ fún Bàbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ṣé ó ṣẹ́ kù.