Ẹ jẹ́ ká béèrè yanrìn, kì í ṣe omi nìkan

"Òkun jìnnà sí wa." Ohun tí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin máa ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá gbọ́ pé omi tún ti kó ilé lọ ní Ayétòrò, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lóòótọ́, láti ibí dé Èkó tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Kwara ni Jẹ́bà wà, ibẹ̀ ni odò Ọya gbà kọjá lọ sí òkun. Odò Àsà tó la ìgboro wa já náà, Ọya ló ń bá lọ níkẹyìn. Odò ló sì ń fi yanrìn bọ́ etí òkun. Ẹni tó ń gbé létí odò kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ òkun ò kan òun.

Èrò ọkàn mi rèé: a ti sọ "àyípadà ojú ọjọ́" di aṣọ tí a fi ń bo gbogbo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ó wà lóòótọ́, ó sì ń ṣọṣẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ bí ìlú kan bá ń wọ omi, tí gbogbo ẹnu sì ti dá ẹjọ́ fún ojú ọjọ́, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ibi tí yanrìn lọ mọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ojú ọjọ́ ní ìpín tirẹ̀. Omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀, yìnyín orí òkè àti ti Greenland náà sì ń yọ́ wọnú òkun. Láàrin 1901 sí 2018, òkun àgbáyé fi nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ga sí i. Ìyára rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù: láàrin 1901 sí 1971, 1.3 mìlímítà ni lọ́dún. Láàrin 2006 sí 2018, ó ti di 3.7. Mìlímítà lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ etí òkun kì í dúró ṣánṣán bí ògiri, ńṣe ló ń lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú omi. Òṣùwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà máa ń lò fún etí òkun oníyanrìn ni pé bí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà kan ga, ilẹ̀ á fi ìdajì mítà sí mítà kan sẹ́yìn. Ìdíwọ̀n ni o, ó lè lé, ó lè dín.

Ẹ wá bá mi ṣírò. 3.7 mìlímítà lọ́dún, ní ọdún mẹ́wàá, jẹ́ 3.7 sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀ tí ìyẹn lè gbà lọ́wọ́ wa láàrin ọdún mẹ́wàá kò tó mítà mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, etí òkun Victoria Island ní Èkó fi ju kìlómítà kan lọ sẹ́yìn ní ọ̀rúndún tó kọjá. Ta ló kó ìyókù?

Òkúta ni. Láàrin 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, kí ọkọ̀ má bàa máa kọlu òkìtì yanrìn. Ní gbogbo etí òkun yẹn, ìgbì ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀, ó ń fẹ̀gbẹ́ kọlu ilẹ̀, ó sì ń ti yanrìn lọ sí ìlà-oòrùn tọ̀sán-tòru. Èyí tó ń kọjá lọ́dún kan kò ní dín ní ẹrù tìpà ńlá 50,000. Òkúta wá dábùú ọ̀nà rẹ̀. Yanrìn jọ sí ìwọ̀-oòrùn, ní Lighthouse Beach, ilẹ̀ ibẹ̀ ń fẹ̀ sí i; ebi ń pa ìlà-oòrùn, níbi tí Bar Beach wà nígbà náà. Ìgbì kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tí kò rí yanrìn tó ń bọ̀ gbé, ó gbé èyí tó bá nílẹ̀. Léraléra ni wọ́n da yanrìn tuntun síbẹ̀ nígbà yẹn, léraléra ni òkun kó o lọ, torí pé wọn ò ṣí ọ̀nà tí wọ́n dí. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fa yanrìn láti ẹ̀gbẹ́ tó ti kún sọdá sí ẹ̀gbẹ́ tí ebi ń pa, lọ́dọọdún, láìdáwọ́ dúró.

Yanrìn yẹn gan-an ti dín kù kó tó dé Èkó. Odò Volta ní Gánà wà lára àwọn tó ń gbé e wá. Ní 1965 wọ́n sé e ní Akosombo, ìlú Keta tí òkun ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ sì tún jìyà sí i. Èbúté Lomé to òkúta tirẹ̀, ti Kútọnu to tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba yanrìn aládùúgbò rẹ̀.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan Kwara. Wọ́n parí dáàmù Kainji ní 1968, ti Jẹ́bà tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1980. Odò kì í lè gbé yanrìn bí kò bá sáré. Tó bá ti wọ adágún dáàmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á falẹ̀: yanrìn tó wúwo á kọ́kọ́ jókòó ní ibi tí odò ti ń wọ adágún, ẹrẹ̀ á tẹ̀ lé e, omi tó mọ́ ló máa ń gba ibi ẹ̀rọ iná jáde. Omi tó mọ́ yẹn kò ní ẹrù lórí, nítorí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò àti bèbè tó bá wà níwájú rẹ̀. Ìkún omi ńlá ló sì máa ń kó yanrìn rìn jìnnà, dáàmù sì ti sọ ìkún omi náà di kékeré.

Mi ò ní bu iyọ̀ sí i. Yanrìn Ọya kì í lọ sí Èkó tàbí Ayétòrò; etí òkun Delta, Bayelsa àti Rivers ló ń bọ́, Bẹ́núé náà ṣì ń gbé tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá sọ pé Jẹ́bà ló rì Ayétòrò kò mọ bí omi ṣe ń ṣàn. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ń gbé ní Bayelsa náà, iná tí a ń tàn nílé wa sì wà lára ohun tó ń ná wọn ní ilẹ̀.

Ti Ayétòrò yàtọ̀, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ náà. Bí a bá ti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn, tí a dé Ìlàjẹ, agbègbè tí Ayétòrò wà, etí òkun kúrò ní yanrìn, ó di ẹrẹ̀ rírọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Yanrìn tí ìgbì kó lọ nígbà òjò lè padà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹrẹ̀ tó bá ti pò mọ́ omi kì í padà, ìṣàn á gbé e lọ jìnnà. Wọ́n tún gbẹ́ ọ̀nà omi kan ní agbègbè náà nítorí epo rọ̀bì. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọ igbó irà, àwọn igi omi dídùn kú, gbòǹgbò tó di ẹrẹ̀ mú jẹrà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òkun tó ń ga wá bá ilẹ̀ tí kò ní agbára mọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ mọ odi, ẹ má kàn pàtẹ́wọ́. Bí ìgbì bá kọlu ògiri tó dúró ṣánṣán, ńṣe ló máa ń ta padà, á sì gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri náà títí yóò fi dojú bolẹ̀. Odi tó máa pẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ ju ibi tí ìgbì lè gbẹ́ dé. Aṣọ àsẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́, kí yanrìn ẹ̀yìn má bàa máa yọ́ jáde láàrin òkúta. Òkúta wẹ́wẹ́ á tẹ̀ lé e, àwọn tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mélòó kan á wà lókè. Lórí ẹrẹ̀ bíi ti Ayétòrò, odi òkúta á rì sísàlẹ̀ bí wọn ò bá kọ́kọ́ fún ilẹ̀ ní agbára. Ibi tí odi bá sì parí sí, ìlú tó kàn ni òkun máa yíjú sí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣètò fún wọn.

Ní Ìlọrin ńkọ́? Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ó lè gba nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 omi sí i, òjò líle wá ń pọ̀, ògbàrá ń wó ilẹ̀. Yanrìn tó ń kó lọ, inú gọ́tà, ẹ̀yìn dáàmù àti inú tìpà àwọn tó ń wa yanrìn odò fún búlọ́ọ̀kù ló ń parí sí. Bí wọ́n bá wa ìsàlẹ̀ odò jinlẹ̀ jù, bèbè á ya lulẹ̀, ẹsẹ̀ afárá á yọ síta. Ohun tó ń ṣe òkun náà ló ń ṣe Àsà. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa wọn ìsàlẹ̀ odò lẹ́yìn àkókò òjò kọ̀ọ̀kan kó tó fún ẹnikẹ́ni ní àyè láti wa yanrìn, kí wọ́n sì lé àwọn tó ń wa yanrìn jìnnà sí ẹsẹ̀ afárá.

Ní ti Ìlàjẹ, ìgbì ńlá láti gúúsù máa ń le jù láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án. Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni àkókò iṣẹ́ níbẹ̀. Owó tí wọ́n bá yọ ní oṣù karùn-ún láti fi bẹ̀rẹ̀ odi, inú omi ni wọ́n ń dà á sí.