Ọmọ ta nìyí?

Àtọjọ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ síta.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ọdún 11. Ó ti lé lọ́dún 2 tó ti ń kọ́ gángan lọ́dọ̀ bàbá àgbà kan ní apá Ọjẹ́. Àwa kì í ṣe ọmọ àyàn o. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀lùbọ́, bàbá rẹ̀ ń wa máíkírà. Ọmọ yìí ló ń ti ilé ìwé bọ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró wo bàbá onílù yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Bàbá ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Kò tètè fún un ní kọ̀ǹgọ́ pàápàá. Osán, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, ló kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́: kó fún un mọ́ abíyá, kó dẹ̀ ẹ́, kó tún fún un, kí etí rẹ̀ lè mọ ibi tí dò ti di re, tí re ti di mí. Ọmọ á délé, abíyá á ti bó. Tó bá wá pẹ́ dé lọ́jọ́ kan, bàbá á fi ìlù béèrè rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ọmọ mi dà?" Re re re dò. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ yé. Ẹlẹ́kọ á ní, "Sáré o, wọ́n ń wá ẹ!"

Bàbá kú. Lọ́jọ́ Sátidé, a lọ síbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ààfáà ṣàdúrà tán, a jẹun, àwọn onílù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yìí gbé gángan kékeré tí bàbá fún un há abíyá, ó rọra sún mọ́ wọn. Àgbàlagbà kan dì í lápá mú. "Ọmọ ta nìyí? Lọ jókòó síbẹ̀ yẹn!" Ló bá bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ (mo ti sọ fún un pé mo máa kọ ọ́) ní, "Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún? Ṣé bàbá ẹ ni?"

Inú bí mi. Nígbà tí Síkírù Àyìndé Barrister kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ojú mi ni àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ṣe sunkún n'Íbàdàn níbí. Ọ̀pọ̀ wọn ò bá a sọ̀rọ̀ rí láyé wọn. Ta ló bi wọ́n pé ṣé ẹbí wọn ni? Ọmọ tí bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ la wá ń bi.

Wọ́n á ní òkú àgbà ni, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọdún 11 mọ̀ nínú ìyẹn? Ẹni tó ń fi ìlù pè é ni ò sí mọ́. A rówó ra aṣọ ẹbí, a rówó tẹ fọ́tò bàbá sára ike àti abẹ̀bẹ̀, a ò wá rí ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọmọ tí bàbá kọ́ níṣẹ́ kó lu ìlù fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ dò, mí, re, dò. N ò kọ́kọ́ fọkàn sí i. Ó tún un lù. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tó ń wí: "Bàbá mi dà?" Bàbá ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé asẹ́ tó fi ń ku ẹ̀lùbọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, kò sọ nǹkan kan.

Lánàá, ilé bàbá ránṣẹ́ pé ká dá gángan yẹn padà, pé ìlù ìdílé ni. Mi ò bá wọn jà. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ bẹ̀ wọ́n. Ọmọ ní òun máa tẹ̀ lé wa. Mo ní kó gbé ìlù rẹ̀ há abíyá.